Ìyànjú Tí Kò Dé Ẹnu Ibodè

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ibi tí òwe yìí ti ń ṣẹ lójoojúmọ́, kó wo irú ìyànjú tí à ń fún àwọn obìnrin nínú ìjọ wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé orí fóònù wọn: "Fara dà á, ìyá. Ọlọ́run ń wò ọ́." Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á tún gbọ́ ọ lẹ́nu oníwàásù. Nígbà tí ọjọ́ àwọn ìyá bá sì pé, wọ́n á ra aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n á jó wọlé, wọ́n á dáwó, oníwàásù á ṣí ìwé Òwe orí 31, á ní kí wọ́n jẹ́ obìnrin oníwà rere. Wọ́n á ṣe àmín. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n á padà sí ìdí igbá wọn, wọ́n á sì bá gbèsè tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé níbẹ̀.

Ọmọ Owódé ni àwa tí à ń kọ èyí, ní ilẹ̀ Yewa, lójú ọ̀nà tó ń lọ sí Ìdìrókò. Ọmọ ìjọ ni wá. Sọfitiwia ni à ń kọ jẹun, owó ọjà àwọn ìyá wa ni wọ́n sì fi rán wa lọ sí yunifásítì tí a ti kọ́ ọ. A kò bá ìgbàgbọ́ jà o. Ìyànjú tó mọ sí ẹnu ni à ń bá jà. Ọ̀rọ̀ wa kò gùn: ìyànjú tí kò bá dé ìdí igbá, tí kò dé ilé ẹjọ́, tí kò sì dé ẹnu ibodè, kì í ṣe ìyànjú tí Bíbélì mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé Òwe yẹn gan-an, nítorí pé òun ni wọ́n máa ń gbé jáde. Èyí tí à ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé obìnrin náà ń jí ní ìdájí, ó ń ṣe oúnjẹ fún agbo ilé rẹ̀, ọ̀rọ̀ rere ló sì wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kan náà wo ilẹ̀ kan, ó sì rà á. Èrè ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbin ọgbà àjàrà sí i. Ó ń ṣe aṣọ, ó ń tà á fún àwọn oníṣòwò. Ó ń mú oúnjẹ wá láti ọ̀nà jíjìn bí ọkọ̀ ojú omi. Àwa tí a dàgbà lójú ọ̀nà ibodè mọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ dáadáa: alájàpá ni.

Ohun méjì tún wà nínú orí náà tí a kì í sábà gbọ́. Àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀kọ́ tí ìyá kan fi kọ́ ọmọ rẹ̀ tó jẹ ọba ni wọ́n pe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Lẹ́múẹ́lì ni ọba náà, ìyá rẹ̀ ló sì ń sọ fún un pé kó la ẹnu rẹ̀ fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, kó sì gbèjà tálákà. Orí tí ìyá fi kọ́ ọba ni a wá sọ di orí tí wọ́n fi ń kọ́ ìyá! Èkejì ni ẹsẹ tó kẹ́yìn, ẹsẹ 31. Àṣẹ ni ẹsẹ yẹn. Ó ní kí wọ́n fún obìnrin náà nínú èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì yìn ín ní ẹnu ibodè. Ta ni wọ́n ń pàṣẹ fún? Obìnrin náà kọ́. Ní Ísírẹ́lì ayé àtijọ́, ẹnu ibodè ìlú ni àwọn àgbààgbà ti ń jókòó dá ẹjọ́. Ibẹ̀ ni Bóásì lọ nígbà tó fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Náómì àti ọ̀rọ̀ Rúùtù. Àwọn tí ọ̀rọ̀ obìnrin wà lọ́wọ́ wọn ni ẹsẹ náà ń bá wí, pé kí wọ́n san ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un, kí wọ́n sì bọlá fún un níbi tí wọ́n ti ń ṣèpinnu.

Ní Owódé, ẹnu ibodè kì í ṣe àfiwé lásán. Ọ̀nà tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí Ìdìrókò ló wọ ilẹ̀ Benin, tó sì kọrí sí Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń jẹun lórí ọ̀nà yìí. Ní oṣù Kẹjọ 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ibodè orí ilẹ̀ pa fún ọjà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn aṣọ́bodè tún pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo èyíkéyìí tó wà láàrin kìlómítà 20 sí ibodè. Ní oṣù Kejìlá 2020, ìjọba kéde pé òun ti ń ṣí i padà, Sèmè sì wà lára mẹ́rin àkọ́kọ́. Ní ti Ìdìrókò, oṣù Kẹrin 2022 ni ìwé tó fọwọ́ sí ṣíṣí i tó jáde. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ó lé ní ọdún méjì àti ààbọ̀. Obìnrin tó ń fi èrè òní jẹun ọ̀la kò ní ojú owó tó lè jókòó tó bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ jẹ èrè tán, ó sì mú ojú owó mọ́ ọn. Kí wọ́n tó gbérí, wàhálà pààrọ̀ owó náírà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ọjà wà lórí àtẹ, oníbàárà kò rí owó ná, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi sọ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí ọdún yóò fi parí.

Kí ni wọ́n ń sọ fún àwọn ìyá wa ní gbogbo àsìkò yẹn? Èyí tí a gbọ́ jù ni pé ìdánwò ìgbàgbọ́ ni. Ìdánwò ìgbàgbọ́ kọ́, ẹ jọ̀ọ́. Òfin ìjọba ni. Ènìyàn ló ṣe é, ó ní ọjọ́, ó ní ìwé, ó ní ẹni tó fọwọ́ sí i. Ohun tí lẹ́tà bá ṣe, lẹ́tà lè bá a wí. Ìjọ ní bíṣọ́ọ̀bù, ó ní alága, ó ní ìwé tí wọ́n tẹ orúkọ sí lórí, ó sì mọ ọ̀nà ilé àwọn olóṣèlú, pàápàá nígbà tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Nínú ìwé Lúùkù orí 18, opó kan ń lọ, ó ń bọ̀, níwájú adájọ́ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, títí adájọ́ náà fi dá a láre. Opó yẹn ni Jésù fi ṣe àpẹẹrẹ àdúrà fún wa. Ẹ ẹ̀ ri pé kò jókòó sílé kó máa fara dà á?

Ẹ jẹ́ ká wá sórí gbèsè, nítorí iṣẹ́ tiwa ló wà níbẹ̀, a sì mọ inú rẹ̀. Nígbà tí ojú owó bá tán, ayánilówó tó yá jù ni èyí tó wà lórí fóònù. Ìyá á gba áàpù náà sórí fóònù, áàpù á bèèrè àyè láti ka gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ìyá á tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" nítorí pé kò sí owó láìsí ìyẹn. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti da àwọn nọ́ńbà náà kọ lọ sí ọ̀dọ̀ ayánilówó. Tí ọjọ́ owó bá wá kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àna rẹ̀, sí oníbàárà rẹ̀, sí ẹni tó jọ ń kọrin pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìjọ, pé olè ni. Ìwà yìí burú débi pé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, wọ ọ́fíìsì àwọn kan lára wọn ní Èkó ní oṣù Kẹta 2022. Lọ́dún kan náà, wọ́n ṣe ìlànà pé kí gbogbo ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìdójútini ni irú áàpù bẹ́ẹ̀. A mọ̀ ọ́n mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe àṣìṣe. Nọ́ńbà pásítọ̀ náà kò sì gbẹ́yìn nínú fóònù ìyá yẹn, nítorí náà àtẹ̀jíṣẹ́ á dé ọ̀dọ̀ òun náà. Àwọn kan á pè é, wọ́n á ní kó wá gba àdúrà ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀mí gbèsè.

Ẹ wá wo ohun tí Èlíṣà ṣe nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 4. Opó kan tọ̀ ọ́ wá. Ọkọ rẹ̀ wà lára ẹgbẹ́ àwọn wòlíì, ìyẹn ni pé ìyàwó òṣìṣẹ́ Ọlọ́run ni. Olówó fẹ́ wá mú ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ, bí ẹni fi wọ́n ṣe ìwọ̀fà. Èlíṣà kò wàásù fún un. Ó bèèrè ohun méjì: kí ni kí n ṣe fún ọ, kí lo sì ní nílé? Ìkòkò òróró kan péré ló ní. Wòlíì ní kó lọ yá ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ gbogbo aládùúgbò, kó má sì yá díẹ̀. Òróró kún gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wá tẹ̀ lé e rèé: tà á, san gbèsè rẹ, kí ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ máa jẹ èyí tó kù. Iṣẹ́ ìyanu tó ní ìṣirò nínú ni. Ọjà wà níbẹ̀, gbèsè wà níbẹ̀, owó oúnjẹ wà níbẹ̀, àwọn aládùúgbò náà sì ní ipa tiwọn. Nínú iṣẹ́ wa, tí ètò kan bá kọṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, a kì í gbà á níyànjú. À ń ka àkọsílẹ̀ rẹ̀, à ń wá ìlà tó bàjẹ́, a ó sì tún un ṣe. Ohun tí Èlíṣà ṣe nìyẹn.

Jákọ́bù kò tilẹ̀ fi bò. Nínú orí kejì ìwé rẹ̀, ó dárúkọ arákùnrin, ó dárúkọ arábìnrin, ó ní tí ẹnì kan bá wà láìní aṣọ, láìní oúnjẹ òòjọ́, tí a kàn ní kó máa lọ ní àlàáfíà, kó lọ yáná, kó lọ yó, èrè kí ló wà níbẹ̀? Nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 6, wọ́n gbójú fo àwọn opó kan nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpósítélì kò ní kí wọ́n mú sùúrù. Wọ́n yan ènìyàn méje láti bójú tó o. Àwa ẹ̀wẹ̀, tí a bá fẹ́ kọ́ ilé ìjọsìn, opó tó fi owó wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí ni à ń sáré pè. Ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀ nínú Máàkù orí 12 kan náà. Kí Jésù tó dárúkọ opó yẹn, ó ti kọ́kọ́ bá àwọn olùkọ́ òfin tó ń jẹ ilé àwọn opó run wí, àwọn tó ń gba àdúrà gígùn kí ayé lè rí wọn. Ẹni tó ń wàásù owó wẹ́wẹ́ méjì tí kò wàásù èyí tó ṣáájú rẹ̀, ó ní ohun tó ń sá fún.

Nínú ilé náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìyá gbà pé nígbà tí pásítọ̀ ti so àwọn pọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí níwájú òfin. Òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà ní kí tọkọtaya kọ́kọ́ kọ̀wé sí akọ̀wé ìgbéyàwó ìjọba, kí ọjọ́ 21 kọjá, kí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó láàrin oṣù mẹ́ta ní ìdí akọ̀wé ìjọba tàbí ní ilé ìjọsìn tí ìjọba fún ní àṣẹ. Níbi tí èyí kò bá ti wáyé, ìbùkún ni ìwé tí ìjọ fún wọn, kì í ṣe ẹ̀rí. Tí ọkọ bá wá kú láìṣe ìwé ìhágún, àṣà ni wọ́n á fi pín ogún, ìbáà jẹ́ ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí, àwọn ọmọ ló sì ń jogún lábẹ́ àṣà, kì í ṣe ìyàwó. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìgbà náà fìdí èyí múlẹ̀ ní 1957 nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu. Àwọn ẹbí á ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ìjọ á wá bá opó kọrin, wọ́n á ní Ọlọ́run ni ọkọ opó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìjọ tó so wọ́n pọ̀ ì bá ti sọ ọ̀rọ̀ ìwé yìí fún un lọ́jọ́ tí aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni "fara dà á" tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí ọkọ ń lù. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin 2022, Osinachi Nwachukwu, akọrin ẹ̀mí tí gbogbo Nàìjíríà mọ ohùn rẹ̀, kú ní Àbújá. Ní oṣù Kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ gíga níbẹ̀ dá ọkọ rẹ̀ lẹ́bi ikú rẹ̀, wọ́n sì dájọ́ ikú fún un. Tí obìnrin tí orin rẹ̀ ń gbé àwọn ẹlòmíràn ró kò bá rí ẹni gbà á sílẹ̀, kí ni ká sọ nípa ìyá tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀? Òfin wà tó lòdì sí ìwà ipá nínú ilé. Ti ìjọba àpapọ̀ wà láti 2015, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ní tirẹ̀. Ẹni tó bá rán obìnrin tó ti fara gbọgbẹ́ padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì kan péré, ìyànjú kọ́ ló fún un.

A mọ èsì tí wọ́n á fún wa. Wọ́n á ní ìjọ kì í ṣe báńkì. Ìjọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba owó ilé tuntun, tó ń ka á, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, mọ ìṣirò. Wọ́n á ní sùúrù jẹ́ èso Ẹ̀mí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù tó kọ ìyẹn, nígbà tí wọ́n fẹ́ nà án, ńṣe ló bèèrè bóyá òfin gbà kí wọ́n na ọmọ Róòmù tí wọn kò tíì dá lẹ́jọ́. Ní Fílípì pẹ̀lú, ìlú tí Lídíà tó ń ta aṣọ elésè àlùkò ti gbà á sílé, ó kọ̀ láti yọ́ jáde nínú ẹ̀wọ̀n. Ó ní kí àwọn aláṣẹ fúnra wọn wá mú òun jáde. Pọ́ọ̀lù fara da ohun púpọ̀, síbẹ̀ ó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọ́n á tún ní àwọn ìyá fúnra wọn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìyànjú yìí. A gbà. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ kan lóru sì lè mú kí ènìyàn rí ilẹ̀ mọ́. A kò ní kí ẹ dákẹ́ o. Ohun tí a ní ni pé kí ọwọ́ tẹ̀ lé ẹnu.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni èyí. Ní 1925, ní Èkó, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, bá Mósè Orímọládé dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀. Ó rìn káàkiri ìlú Yorùbá, ó ń wàásù. Nígbà tí ìjọ náà pín ní 1929, ó kó apá tirẹ̀ jọ, ó darí wọn. Ìgbàgbọ́ tí à ń jẹ adùn rẹ̀ lónìí, obìnrin wà nídìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní ìjókòó ẹ̀yìn.

Nítorí náà, ohun tí à ń bèèrè kò ṣòro lóye. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní àpò kan fún obìnrin tí ojú owó rẹ̀ ti tán, kí àwọn obìnrin fúnra wọn sì máa darí rẹ̀. Wọ́n mọ èésú, wọ́n mọ àjọ, wọ́n mọ alájẹṣẹ́kù. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ wọn. Kí obìnrin jókòó níbi tí wọ́n ti ń ka owó ìjọ, nítorí pé owó wọn ló pọ̀ níbẹ̀. Kí pásítọ̀ má ṣe so ẹnikẹ́ni pọ̀ láìrí ìwé akọ̀wé ìgbéyàwó, kí wọ́n sì ran àwọn tó ti pẹ́ nílé ọkọ lọ́wọ́ láti gba tiwọn. Kí obìnrin tí wọ́n lù rí ibi sùn kó tó rí ìwàásù. Nígbà tí ìjọba bá sì tún fẹ́ gbé ọwọ́ lé ọ̀nà tí àwọn ìyá wa ń jẹ, kí lẹ́tà ìjọ dé Ìlaròó, kó dé Abẹ́òkúta, kó dé Àbújá, kí ojú owó tó tán.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin lẹ ni ọjọ́ àwọn ìyá. Nígbà tí oníwàásù bá tún ṣí ìwé Òwe orí 31, tó sì fẹ́ pa á dé ní ibi oúnjẹ, ẹ bá wa sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kó kà á dé ìsàlẹ̀, kó ka ẹsẹ 31 sókè, kó sì kọjú sí àwọn àgbààgbà ìjọ nígbà tó bá ń kà á.